Mo ti ní Instagram àti WhatsApp: kí ni mo tún fẹ́ fi wẹ́ẹ̀bùsáìtì ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣọ àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta. Àwa fúnra wa la ń rẹ ẹ́, ẹlẹ́kọ tí a ń fi ẹ̀kọ ya iṣẹ́ sí lára àti oníko tí a ń fi okùn dì, obìnrin mẹ́rin ló sì ń bá mi ṣiṣẹ́. Mo wà lórí Instagram, mo sì ń lo WhatsApp Business. Àbúrò mi ọkùnrin ní àfi dandan kí n ṣe wẹ́ẹ̀bùsáìtì, ó sì mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wá tó pe owó gọbọi. Ṣé ó tiẹ̀ pọn dandan? Àwọn tó ń ra aṣọ lọ́wọ́ mi ṣáà ń rí mi lórí fóònù. Mi ò fẹ́ da owó sínú omi.

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà, ìyá wa. Ọjà á tà o.

Wẹ́ẹ̀bùsáìtì yóò ṣe yín láǹfààní, ṣùgbọ́n kékeré ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ojú ìwé márùn-ún ti tó fún irú ọjà yín, kò sì yẹ kó gba owó gọbọi. Ẹ jẹ́ kí á sọ ìdí rẹ̀ kí á tó sọ bí ẹ ó ṣe ṣe é, torí ẹni tí kò mọ ohun tó fẹ́ kí wẹ́ẹ̀bùsáìtì bá òun ṣe ni wọ́n máa ń kọ́ ilé aláràbarà tí kò ní ilẹ̀kùn fún.

Instagram ní iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó ń fi aṣọ yín han ẹni tó ti ń tẹ̀ lé yín, ọ̀rẹ́ sì ń fi han ọ̀rẹ́. Wẹ́ẹ̀bùsáìtì kò lè gba iṣẹ́ yẹn ṣe, ẹ má torí rẹ̀ pa Instagram tì. Ọ̀dọ̀ ẹni tí kò mọ̀ yín rí ló ti kù díẹ̀ káàtó. Ẹ jẹ́ kí á mú obìnrin kan n'Íbàdàn tó ń wá aṣọ ẹbí fún ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Aago mọ́kànlá alẹ́ ni, ó tẹ «adire eleko 5 yards price» sínú Google. Kò gbọ́ orúkọ yín rí, kò sì mọ̀ pé Ìtòkú lẹ wà. Aṣọ tó ń wá gan-an, ẹ ti gbé àwòrán rẹ̀ sórí Instagram lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ó ti rì sábẹ́ àwọn àwòrán tuntun, iye owó kò sì sí lára rẹ̀ torí ẹ ní kí wọ́n wá béèrè ní kọ̀rọ̀. Google kò rí nǹkan púpọ̀ dì mú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ojú ìwé kan bá wà tó jẹ́ tiyín, tó sọ irú aṣọ náà, ọ̀pá tó jẹ́, iye rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò fi dé Ìbàdàn, ìyẹn ni Google lè gbé síwájú rẹ̀. Lọ́dún tó ń bọ̀, ojú ìwé náà yóò ṣì wà níbi tó wà.

Kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, ẹ ṣe nǹkan kan. Ẹ ṣí WhatsApp yín, ẹ ka ohun tí àádọ́ta oníbàárà tó kàn sí yín kẹ́yìn kọ, kí ẹ sì máa kọ ìbéèrè wọn sínú ìwé. Ẹ ó rí i pé ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń béèrè. Èló ni? Ọ̀pá mélòó ni? Ṣé kì í ṣá? Ṣé ọwọ́ lẹ fi ṣe é àbí ti ẹ̀rọ ni? Ṣé ẹ máa ń fi ránṣẹ́ sí Àbújá, ọjọ́ mélòó sì ni? Ṣé mo lè rí àádọ́ta irú kan náà? Báwo ni mo ṣe máa sanwó? Ibo lẹ wà gan-an? Ó ṣòro kí wọ́n ju mẹ́wàá lọ. Bí ìdáhùn kan bá ń gbà yín ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, tí èèyàn ogún ń béèrè lójúmọ́, wákàtí kan gbáko ti lọ lẹ́nu iṣẹ́ aró. Ẹni tó sì béèrè lóru tí kò rí èsì, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ló máa jí lọ. Ìwé tí ẹ kọ yẹn ni wẹ́ẹ̀bùsáìtì yín. Kí ẹ dáhùn lẹ́ẹ̀kan, kí ìdáhùn náà wà níbi tí gbogbo èèyàn ti lè kà á nígbàkigbà: iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ kó ṣe nìyẹn, èyí tó kù ọ̀ṣọ́ ni.

Ìdí kejì ni pé ìsọ̀ onísọ̀ ni Instagram. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 2021, Facebook, Instagram àti WhatsApp kú pọ̀ fún bíi wákàtí mẹ́fà káàkiri ayé, torí àṣìṣe kan níbi tí wọ́n ti ń tún ẹ̀rọ wọn ṣe já gbogbo wọn kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ilé iṣẹ́ kan náà ló ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí náà ẹni tó gbé gbogbo ọjà rẹ̀ lé Instagram, tó sì ń fi WhatsApp gba ìbéèrè, ọ̀nà méjèèjì ló dí mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́dún yẹn kan náà, ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa ní Nàìjíríà láti ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà, wọn kò sì ṣí i títí di ọjọ́ 13 oṣù Kínní ọdún 2022. Ó lé ní oṣù méje. Èyí tó sì máa ń ṣẹlẹ̀ jù ni ti àwọn olè: wọ́n á ní kí ẹ fi nọ́ḿbà mẹ́fà tó wọ fóònù yín ránṣẹ́ sí àwọn, ẹ ó fi ránṣẹ́, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú wọ́n ti ń fi orúkọ yín gba owó lọ́wọ́ oníbàárà yín. Bí ẹ bá ní wẹ́ẹ̀bùsáìtì, ibì kan wà tí oníbàárà lè lọ wò láti mọ nọ́ḿbà báńkì yín tòótọ́.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé wẹ́ẹ̀bùsáìtì kì í kú o. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, já nítòsí Àbíjáǹ, àwọn ènìyàn ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò sì lè ṣe nǹkan gidi lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Irú èyí kò yọ wẹ́ẹ̀bùsáìtì sílẹ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé bí ilé iṣẹ́ tó ń gba wẹ́ẹ̀bùsáìtì yín sílé bá ń dà yín láàmú, ẹ lè kó ẹrù yín lọ sílé iṣẹ́ mìíràn kí àdírẹ́sì yín má sì yí padà. Ojú ìwé Instagram kò ṣeé kó báyẹn.

Ohun tó jẹ́ kó ṣeé kó ni dómènì, ìyẹn orúkọ tí wọ́n máa ń tẹ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti la ojú yín jù, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò ti ń pàdánù. Wọ́n kì í ra dómènì pátápátá, ọdọọdún ni wọ́n ń san án, bí ìgbà téèyàn ń san owó ìsọ̀. NiRA (Nigeria Internet Registration Association) ló ń bójú tó gbogbo orúkọ tó parí sí .ng, àwọn ilé iṣẹ́ tí NiRA fọwọ́ sí ló sì ń tà á. Èyí tó parí sí .com.ng sábà máa ń dínwó ju .ng lásán lọ. Ó dára fún yín, torí pé ẹni tó bá rí i mọ̀ pé Nàìjíríà lẹ wà. Bí ẹ bá ní oníbàárà púpọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà, ẹ lè fi .com kún un, kí ẹ wá darí ọ̀kan sí èkejì. Ọwọ́ ẹni tó ń gba náírà ni kí ẹ ti rà á. Bí ẹ bá rà á nílẹ̀ òkèèrè, kádì náírà lè kọ̀ lọ́jọ́ tó yẹ kí ẹ san ti ọdún kejì, ẹ ò sì ní mọ̀ títí ọjà yóò fi tì.

Orúkọ tí ẹ ó mú, ẹ kọ́kọ́ dán an wò. Ẹ pe ẹni mẹ́ta lórí fóònù, ẹ sọ orúkọ náà fún wọn lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí yín. Bí ẹni méjì bá tẹ̀ ẹ́ yàtọ̀ sí bí ẹ ṣe fẹ́, ẹ wá òmíràn. Ṣ ló máa ń fa wàhálà jù nínú orúkọ Yorùbá, torí ẹnìkan á kọ «aso», ẹnìkejì á kọ «asho». Ẹ yọ àmì ohùn kúrò, ẹ má fi nọ́ḿbà sí i, ẹ má sì fi ìlà kékeré pín in.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù: orúkọ yín àti ímeèlì yín ni kí wọ́n fi ra dómènì náà, kí ó má jẹ́ ti ọ̀rẹ́ àbúrò yín. Òun kò ní láti jẹ́ èèyàn burúkú kó tó di ìjàngbọ̀n. Ó lè gba iṣẹ́ sí Kánádà, kí ó pa nọ́ḿbà rẹ̀ dà, kí lẹ́tà tó ń kìlọ̀ pé owó ọdún ti tó máa lọ sínú ímeèlì tí kò kà mọ́. Bí ọjọ́ bá pé tí ẹ kò san, wẹ́ẹ̀bùsáìtì yóò kọ́kọ́ pa rẹ́, lẹ́yìn náà ẹnikẹ́ni lè ra orúkọ náà, àwọn kan sì wà tí wọn kì í ṣe iṣẹ́ mìíràn ju kí wọ́n máa ṣọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ẹ tún ṣọ́ra fún èyí: ímeèlì tí ẹ fi ra dómènì kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tó parí sí dómènì kan náà. Bí dómènì bá kú, ímeèlì náà kú tẹ̀ lé e, lẹ́tà tí ẹ fẹ́ fi gbà á padà kò sì ní rí ibi wọ̀. Gmail lásán ti tó, kí ẹ ti pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ mọ́ ìwé owó báńkì yín.

Ibi tí wẹ́ẹ̀bùsáìtì yóò máa gbé, èyí tí àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ ń pè ní hosting, kò gba àròyé púpọ̀. Èyí tó kéré jù lára ohun tí wọ́n ń tà tó fún yín. Ẹ kàn rí i dájú pé àdírẹ́sì yín bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú https, kí fóònù má bàa máa kìlọ̀ fún oníbàárà pé ibẹ̀ kò ní ààbò. Let's Encrypt, àjọ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ń fún èèyàn ní ìwé ẹ̀rí tó ń mú https wá lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí náà bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ san owó ńlá lórí rẹ̀, ẹ bi í ní ìdí.

Ó kan ohun tí ẹ ó kọ síbẹ̀. Ojú ìwé àkọ́kọ́ yóò sọ ohun tí ẹ ń tà àti ibi tí ẹ wà láàárín ìlà méjì. Èkejì ni aṣọ àti iye wọn. Ẹ̀kẹta ni bí ẹ ṣe ń fi aṣọ ránṣẹ́ àti bí wọ́n ṣe ń sanwó, kí iye tí ọkọ̀ ń gbà dé Èkó, Ìbàdàn àti Àbújá wà níbẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni bí ẹ ṣe ń rẹ aṣọ. Ìkarùn-ún ni ọ̀nà láti kàn sí yín. Ẹ má fi iye owó pamọ́. Àwọn kan gbà pé bí oníbàárà kò bá rí iye, á pè. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí apá rẹ̀ kò ká a yóò fi àkókò yín ṣòfò, ẹni tó lówó lọ́wọ́ á sì kọjá sọ́dọ̀ ẹni tó kọ ọ́ síta. Bí owó aṣọ fúnfun àti aró bá ń gòkè, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ fi iye náà síbẹ̀.

Ojú ìwé kẹrin ni wúrà tó wà lọ́wọ́ yín. Aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè, tí wọ́n ya àwòrán àdìrẹ sí lára, ti kún ọjà, ó sì dínwó. Lórí Instagram, nínú àwòrán kékeré, kò sí ẹni tó lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí tiyín. Lórí wẹ́ẹ̀bùsáìtì ẹ láàyè láti fi hàn. Ẹ ya iwájú aṣọ, kí ẹ sì ya ẹ̀yìn rẹ̀. Aró máa ń mu aṣọ já, nítorí náà ẹ̀yìn àdìrẹ ẹlẹ́kọ dúdú dáadáa, iṣẹ́ ara rẹ̀ ló kàn ń hàn fẹ́ẹ́rẹ́ torí ojú kan lẹ fi ẹ̀kọ sí. Aṣọ ẹ̀rọ, ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń ṣá bíi pé wọn kò tíì tẹ̀ ẹ́ tán. Ẹ ya ọwọ́ tó ń fi ìyẹ́ adìyẹ tàbí páànù fi ẹ̀kọ sára aṣọ. Ẹ ya ìkòkò aró, kí ẹ ya aṣọ oníko kí wọ́n tó tú okùn ara rẹ̀. Lábẹ́ aṣọ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ iṣẹ́ ara rẹ̀ àti ohun tó túmọ̀ sí. Ẹni tó bá rí Ìbàdàndún, tó kà á pé àwọn òpó Gbọ̀ngàn Màpó ló wà níbẹ̀ yẹn, tí ṣíbí sì wà láàárín wọn, kò ní bi yín mọ́ pé kí ló dé tí tiyín fi wọ́n ju ti ẹ̀rọ lọ. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù, tó fẹ́ mọ ohun tó wà lára aṣọ tó ń wọ̀, irú ojú ìwé báyìí ló ń wá kiri.

Ẹ kọ ìwọ̀n méjèèjì: ọ̀pá márùn-ún jẹ́ mítà 4.57, àwọn tó wà lókè òkun mítà ni wọ́n ń lò. Ẹ kọ ìbú aṣọ náà pẹ̀lú, torí òun ni aránṣọ máa béèrè. Ẹ sì sọ òótọ́ nípa fífọ̀: aró tó ṣẹ́ kù lára aṣọ tuntun máa ń tú, kí wọ́n dá a fọ̀ nínú omi tútù nígbà àkọ́kọ́, kí wọ́n sì sá a síbi òjìji. Bí ẹ kò bá sọ ọ́ ṣáájú, ọjọ́ tí aṣọ funfun ẹnìkan bá di aláró lẹ ó gbọ́ ọ.

Àwòrán ni yóò pinnu bóyá wẹ́ẹ̀bùsáìtì náà á ṣí tàbí kò ní ṣí. Àwòrán kan láti inú fóònù tó dára lè tó 4MB. Bí ẹ bá kó ogún irú rẹ̀ sójú ìwé kan, 80MB nìyẹn. Ẹni tó ra dátà 1GB, kò ní lè ṣí ojú ìwé yẹn lẹ́ẹ̀kẹtàlá kí dátà rẹ̀ tó tán, kò tiẹ̀ ní dúró débẹ̀, torí funfun lásán ló ń wò lójú fóònù. Ẹ dín àwòrán kọ̀ọ̀kan kù sí fífẹ̀ 1200 píksẹ́lì àti nǹkan bíi 150KB. Ogún wọn á di 3MB, ojú lásán kò sì ní mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ lórí fóònù. Squoosh, tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ń ṣe iṣẹ́ yìí. Níbi tí ẹ ti ń yà á, ẹ gbé aṣọ síbi òjìji ní òwúrọ̀. Oòrùn ọ̀sán máa ń pa aró dà, iná iyàrá sì máa ń sọ ọ́ di pupa rúsúrúsú. Oníbàárà tó gba àwọ̀ tó yàtọ̀ sí èyí tó rí yóò ní kí ẹ dá owó òun padà, òun ló sì jàre.

Ní ti owó, ẹ má tíì fi ẹ̀rọ ìsanwó sí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bọ́tìnnì WhatsApp ti tó fún oṣù mẹ́ta. Bí wọ́n ṣe ń kọ lìǹkì rẹ̀ ni wa.me/ tí nọ́ḿbà yín yóò tẹ̀ lé. Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣe àṣìṣe ni òdo iwájú: bí nọ́ḿbà yín bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 080, yóò di 23480, kò gbọdọ̀ sí àmì àròpọ̀, kò gbọdọ̀ sí àlàfo. Bí ẹ kò bá yọ òdo yẹn, bọ́tìnnì náà á wà lójú, kò ní gbé ẹnikẹ́ni débì kan, ẹ ó sì máa rò pé ọjà ló kú. Ẹ fún aṣọ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ḿbà, kí bọ́tìnnì máa kọ ọ́ sínú ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, kí ẹ má bàa máa bi oníbàárà pé èwo nínú wọn ló ń sọ.

Nígbà tí ìbéèrè bá pọ̀, ẹ lè wá fi ẹ̀rọ ìsanwó bíi Paystack tàbí Flutterwave sí i. Bí ẹ bá lo Paystack, ohun tí wọ́n ń gbà lórí owó tí wọ́n san láti inú Nàìjíríà ni ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún pẹ̀lú ₦100, wọn kì í gba ₦100 yẹn bí owó kò bá tó ₦2,500, gbogbo rẹ̀ kì í sì í ju ₦2,000 lọ. Nítorí náà, lórí aṣọ ₦18,000, ẹ ó san ₦370. Lórí aṣọ ẹbí ₦150,000, ìṣirò fún wa ní ₦2,350, ṣùgbọ́n ₦2,000 ni wọ́n máa gbà. Kádì ilẹ̀ òkèèrè wọ́n jù bẹ́ẹ̀, ìdá 3.9 pẹ̀lú ₦100 ni. Owó náà máa ń wọ báńkì yín ní ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bí ẹ bá nílò rẹ̀ láti ra aṣọ fúnfun. Àǹfààní tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ fún oníṣòwò lóde òní ni pé ó ń gbà yín lọ́wọ́ áláàtì ayédèrú. Kò sí pé ẹnìkan ń fi àwòrán ránṣẹ́ sí yín pé òun ti san; bí owó kò bá wọlé, ètò náà kò ní sọ pé ó wọlé.

Bí wẹ́ẹ̀bùsáìtì bá ti wà, Google kò ní mọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Kí ẹni tó bá yín ṣe é fi orúkọ rẹ̀ sínú Google Search Console, ibi tí èèyàn ti ń sọ fún Google pé wẹ́ẹ̀bùsáìtì òun wà, lábẹ́ ímeèlì yín, kí ẹ tún ṣe Google Business Profile, èyí tó máa ń fi ìsọ̀ hàn lórí àwòrán ilẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Wọ́n lè ní kí ẹ ya fídíò ìsọ̀ yín láti fi hàn pé ẹ wà níbẹ̀ lóòótọ́, nítorí náà ẹ kọ orúkọ ọjà yín gàdàgbà síwájú ìsọ̀ kó tó di ọjọ́ náà. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ó kọ, ẹ kọ ọ́ bí oníbàárà ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ kọ «àdìrẹ ẹlẹ́kọ» pẹ̀lú àmì, kí ẹ sì kọ «adire eleko» láìsí àmì, kí orúkọ Abẹ́òkúta wà nínú àkọlé. Kí oníṣẹ́ náà tún rí i pé bí ẹ bá fi lìǹkì yín ránṣẹ́ lórí WhatsApp, àwòrán aṣọ á yọ lábẹ́ rẹ̀. Bí kò bá yọ, ó ṣeé ṣe kí àwòrán tí ó yàn fún un ti wúwo jù. Lìǹkì tó ní àwòrán làwọn èèyàn máa ń tẹ̀. Èyí tó rí gbọọrọ lásán, wọ́n á rò pé ti gbájúẹ̀ ni.

Lẹ́yìn èyí, ohun tó máa ń ba wẹ́ẹ̀bùsáìtì jẹ́ kì í sábà jẹ́ nǹkan ńlá. Aṣọ tó ti tán lóṣù mẹ́rin sẹ́yìn ṣì wà níbẹ̀, oníbàárà méjì béèrè rẹ̀, ẹ̀kẹta kò padà wá. Ọ̀pọ̀ ń lo WordPress, ètò kan tí wọ́n fi ń kọ́ wẹ́ẹ̀bùsáìtì, ó dára, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ àtúnṣe lóòrèkóòrè, ẹni tó bá sì fi í sílẹ̀ fún ọdún kan láìtún un ṣe ti ṣílẹ̀kùn fún olè. Àwọn oníṣẹ́ kan máa ń lo ẹ̀dà ayédèrú ohun tó yẹ kí wọ́n ra, kòkòrò sì máa ń wà nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ẹni tó bá tẹ àdírẹ́sì yín á bára rẹ̀ ní ibi tí wọ́n ti ń ta tẹ́tẹ́. Ẹ ní kí ó máa ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ lóṣooṣù, kí ẹ̀dà náà sì wà lọ́dọ̀ yín. Bí ẹ bá ń gba orúkọ àti àdírẹ́sì ilé àwọn èèyàn, Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 kàn yín: ẹ má gba ohun tí ẹ kò nílò, ẹ kọ ohun tí ẹ ń fi í ṣe síbẹ̀, ẹ má sì fún ẹlòmíràn.

Ṣé gbogbo oníṣòwò ló nílò rẹ̀? Rárá. Ẹni tó ń ta àkàrà fún àdúgbò rẹ̀ kò nílò ju Google Business Profile lọ. Ẹni tí kò ní ẹni tó máa gbé fóònù kò nílò rẹ̀ rárá. Ní tiyín, ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ báyìí: ẹ ro owó ọdún kan pọ̀, dómènì, hosting àti àtúnṣe, kí ẹ fi èrè tí ẹ ń rí lórí ọ̀pá márùn-ún pín in. Ká ní gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦90,000, tí èrè yín sì jẹ́ ₦4,500, aṣọ ogún lẹ gbọ́dọ̀ tà fún ẹni tí kò mọ̀ yín tẹ́lẹ̀ kí owó náà tó padà. Ogún láàárín ọdún kan, kò tó méjì lóṣù. Àdéhùn aṣọ ẹbí kan ṣoṣo lè bo gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, ẹ máa bi oníbàárà tuntun kọ̀ọ̀kan pé ibo ló ti rí yín, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní ti ọ̀rẹ́ àbúrò yín, ẹ pè é padà, kí ẹ bi í pé orúkọ ta ni yóò fi ra dómènì, ta ni yóò máa yí iye owó padà bí òun bá ti lọ, kí sì ni ẹ ó mú lọ́wọ́ bí ẹ bá pínyà. Ìdáhùn tó yẹ kí ẹ gbọ́ ni orúkọ yín, ẹ̀yin fúnra yín láti orí fóònù yín, àti pásíwọ́ọ̀dù dómènì, ti hosting, ti wẹ́ẹ̀bùsáìtì pẹ̀lú ẹ̀dà rẹ̀. Bí ó bá gbà, ẹ pín owó rẹ̀ sí mẹ́ta. Kí ó gba ti àkọ́kọ́ lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, kí ó gba èkejì nígbà tí wẹ́ẹ̀bùsáìtì bá ṣí dáadáa lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú, pẹ̀lú dátà lásán, nínú ìsọ̀ yín n'Ítòkú níbẹ̀. Kí ẹ̀kẹta wà lọ́wọ́ yín títí ẹ ó fi yí iye aṣọ kan padà fúnra yín lójú rẹ̀.